Lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi tó ti pa wíwo ìjàkadì tì

Ẹ̀gbọ́n mi,

Nígbà tí mo wá kí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn ọmọ tan rẹ́sílìn sílẹ̀ ní pálọ̀, ẹ sì dìde wọ yàrá lọ. Láti ọdún 2001 lẹ ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò lè sọ̀rọ̀ níwájú àwọn ọmọ, àmọ́ ẹ̀bẹ̀ kan wà tí mo jẹ yín, ó sì ti pẹ́.

Ṣé ẹ rántí kásẹ́ẹ̀tì Nitro, ètò ìjàkadì orí tẹlifíṣàn yẹn, tí ẹ yá wálé nígbà tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú? Èyí tí wọ́n ṣe ní ọjọ́ 27, oṣù Karùn-ún, ọdún 1996. Scott Hall, tí a mọ̀ sí Razor Ramon ní ilé-iṣẹ́ ìjàkadì WWF, gba àárín èrò kọjá, ó bọ́ sínú ríìngì WCW, ilé-iṣẹ́ tó ń bá WWF figagbága, kò tiẹ̀ wọ aṣọ ìjà. Ọmọ ọdún 11 ni mí. Mo bú sẹ́kún, mo ní ọ̀dàlẹ̀ ni. Ẹ ní, “Kò jalè. Wọ́n fún un lówó ni.”

Ọdún yẹn náà lẹ kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá yín, tí ẹ sọdá títì sí ilé ìtẹ̀wé kejì tó fẹ́ san jù ú lọ. Ọ̀gá yín wá bá Bàbá nílé, ó pè yín ní aláìmoore. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo wà, mo sì gbà pẹ̀lú rẹ̀. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò bá yín sọ̀rọ̀ dáadáa. Ẹ lọ ra oògùn ibà fún mi. Kì í ṣe ibà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà náà ni bí wọ́n ṣe ń san owó wọn. Ní WWF, bí èrò bá ṣe pọ̀ tó ni owó eléré ṣe ń tó. Bí gbọ̀ngàn ò bá kún, owó á kéré. WCW ní owó tẹlifíṣàn Ted Turner lẹ́yìn, wọ́n sì kọ iye kan sínú ìwé fún Hall àti Kevin Nash, tí òun náà ti WWF wá: èrò wá o, èrò ò wá o, owó yín pé. Ọjọ́ tí wọ́n máa fi wà lójú ọ̀nà náà dín kù. Ni WWF náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ iye owó sínú ìwé. Lọ́dún 1996 yẹn náà, wọ́n kọ ọ́ fún eléré kan, Marc Mero. Àwọn tí kò kúrò níbẹ̀ rárá jẹ nínú ìkúrò Hall. Àbí kí ọdún yẹn tó parí, ṣebí ọ̀gá yín fi kún owó àwọn tí ẹ fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀? Ẹ̀yin lẹ gba èébú.

Bret Hart, eléré WWF, ló ṣì ń dùn mí jù. WCW fi owó ńlá lọ̀ ọ́ lọ́dún 1996, ó kọ̀ ọ́, ó tọwọ́ bọ ìwé ogún ọdún fún Vince McMahon, ọ̀gá WWF. Ọdún kan lẹ́yìn náà, Vince ní òun ò lè san án mọ́. Ní Montreal, ọjọ́ 9, oṣù Kọkànlá, ọdún 1997, wọ́n gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀tàn, lójú àwọn ará Kánádà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó dúró tì wọ́n, òun ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2001, Vince ra WCW. ECW, ilé-iṣẹ́ ìjàkadì kẹta, náà kógbá sílé lọ́dún yẹn. Mo rò pé tìtorí Sting, eléré WCW, lẹ ṣe ń bínú. Ẹ ní, “Oníbàárà ti di ẹnì kan ṣoṣo.” Kò yé mi. Ìgbà tí èmi náà di olówó oṣù, tó jẹ́ ibì kan ṣoṣo ló ń gba irú iṣẹ́ mi ní ìlú tí mo wà, tí mò ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó fi kọ́bọ̀ kún owó mi, ni gbólóhùn yẹn padà wá bá mi.

Ẹ̀gbọ́n, ẹlòmíràn ti dé. Lọ́dún 2019 ni Tony Khan dá ilé-iṣẹ́ ìjàkadì AEW sílẹ̀. Oṣù Karùn-ún yẹn ni Jon Moxley, tó ń jẹ́ Dean Ambrose ní WWE, orúkọ tí WWF ń jẹ́ báyìí, yọ sí wọn gẹ́gẹ́ bí Hall ṣe yọ. Cody Rhodes wà lára àwọn tó bá wọn fi ìdí AEW múlẹ̀. Ó padà sí WWE lọ́dún 2022, ó sì gba bẹ́líìtì ńlá ní Philadelphia lọ́dún 2024. Èrò ń kọrin tẹ̀lé e wọlé, kò sẹ́ni tó pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Omos tí àwọn ọmọ yín ń pariwo orúkọ rẹ̀ yẹn, Tolulope Omogbehin, Èkó ni wọ́n bí i sí.

Mò ń bọ̀ ní Sátidé. Mo ti wá Nitro ọjọ́ yẹn rí. Tí àwọn ọmọ bá ti sùn, ẹ jẹ́ ká jọ wò ó. Ibi tí Hall ti gba àárín èrò wọlé yẹn, mo fẹ́ wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín láìsunkún.

Àbúrò yín.