Kí káńsù dá sọ́rọ̀ ilé rẹ́ǹtì n'Ífẹ̀

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Lóṣù tó kọjá mo bá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń lọ OAU wá yàrá ní Sábó, omi ti ba ògiri jẹ́, kànga tí wọ́n ní ó wà, okùn lásán la bá níbẹ̀, síbẹ̀ wọ́n gbowó ọdún kan, owó éjẹ́ńtì, owó àgírímẹ́ǹtì, owó dámẹ́ẹ̀jì, wọn ò sì fún wa ní rìsíìtì. Ó dùn mí gan-an.

L'Amẹ́ríkà, láti 1974 nìjọba ti ń bá tálákà san lára owó ilé, tálákà náà á san nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 owó tó ń wọlé fún un, ìjọba á san ìyókù, àmọ́ wọ́n á kọ́kọ́ yẹ ilé náà wò ná. Mi ò ní kí káńsù sanwó fún wa o, kí wọ́n ṣáà máa yẹlé wò, kí rìsíìtì sì di dandan.

Ayálégbé kan, Ilé-Ifẹ̀