Ẹ bi ìyá ìkókó náà léèrè

Olótùú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ olóṣù méje ni mo bí lọ́dún tó kọjá, ọjọ́ 23 ló lò nínú inkubétọ̀, àpótí onígíláàsì tó ń mú ara ọmọ tóṣù ẹ̀ ò pé móoru, ní ọsibítù kan n'Ìbàdàn níbí. Lọ́jọ́ ìkómọ ẹ̀, èmi àti bàbá ẹ̀ dúró lẹ́yìn gíláàsì, a pe orúkọ ẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́, nọ́ọ̀sì kan tó ń kọjá ló bá wa ṣe àmín.

Nígbà tá a délé, gbogbo àdúgbò ń kí mi "ẹ kú ewu ọmọ", mo ń dáhùn, mo ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ewu yẹn ò tíì kúrò lára tèmi o. Ẹ̀rọ tó máa ń ké píì píì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ yẹn bá mi délé, fóònù ẹnikẹ́ni á dún, àyà mi á já. Lóru mo máa ń fi ìka sábẹ́ imú ọmọ kí n mọ̀ bóyá ó ń mí, mo lè ṣe é nígbà mẹ́wàá kílẹ̀ tó mọ́, ọmọ ń sùn fọnfọn ní tiẹ̀. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀ mi ò fẹ́ gbé e rárá, ṣe ló dà bíi pé ọmọ àwọn nọ́ọ̀sì ni, pé wọ́n kàn fi yá mi ni.

Mo sọ ọ́ fún ìyá ọkọ mi, wọ́n ní ṣé abísínwín ló fẹ́ ṣe mí ni, kí n dúpẹ́ pé ọmọ yè. Ṣebí abísínwín nìkan náà la mọ̀, ẹni tó bọ́ra sọ́jà. Èyí tó wẹ̀, tó kun àtíkè, tó fọ́mọ lọ́mú tán tó wá lọ ṣí omi ní bàlùwẹ̀ kí wọ́n má baà gbọ́ ẹkún ẹ̀, tiẹ̀ ò lórúkọ.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà tí mo padà lọ, wọ́n wọn ọmọ, wọ́n wọn orí ẹ̀, wọ́n wo ìfúnpá mi, ó parí. Bẹ́ẹ̀ àwọn ìbéèrè kan wà tí wọ́n ń pè ní Edinburgh, tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ìbànújẹ́ ọkàn ń bá ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ jà, 10 péré ni, látọdún 1987 ló ti wà, kì í pẹ́ rárá, wọ́n sì ti lò ó fáwọn ìyá ní Nàìjíríà níbí náà. Ọ̀kan nínú ẹ̀ ń bi èèyàn bóyá ó ti ń rò ó pé kóun ṣe ara òun léṣe. Kí ló dé tí wọn ò lè bi wá níbi tá a ti tò sórí bẹ́ǹṣì ń dúró de abẹ́rẹ́ àjẹsára?

Ìyá tó ń gbálẹ̀ ibẹ̀ ló bi mí nígbẹ̀yìn. Wọ́n ní, "Ìwọ ńkọ́, ṣé o ń sùn?" Omi ti bọ́ lójú mi kí n tó lanu. Àwọn ló mú mi dé ọ̀dọ̀ dókítà tó ń tọ́jú mi títí dòní.

Èmi ni,
Ìyá ọmọ kan, Ìbàdàn.