Lẹ́tà sí Bàbá Kékeré, lórí yàrá mẹ́ta tó wà lẹ́yìn ilé

Bàbá Kékeré mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú agboolé. Mo gbóhùn sókè sí yín níṣojú ẹbí níbi ìpàdé ọjọ́ Àìkú tó kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ohun tí n kò lè fi sùúrù sọ lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ báyìí.

Ẹ bi mí pé, ta ni yóò máa ṣọ́ wọn? Ẹ ní bí a bá fi yàrá mẹ́ta tó wà lẹ́yìn ilé fún àbúrò mi àti àwọn àkàndá ẹ̀dá mẹ́ta mìíràn, àwọn ayálégbé iwájú yóò kó jáde, ará àdúgbò yóò sì máa wí pé a ti sọ ilé ẹbí di ilé wèrè. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù yìí kì í ṣe ẹ̀rù lásán, torí ẹ̀yin lẹ máa ń gbọ́ ẹnu ayé kí ó tó kàn wá. Ṣùgbọ́n ẹ kì í sí nílé ní òwúrọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi ń rí níbẹ̀.

Ẹni ọdún 34 ni àbúrò mi, Down syndrome, ìyẹn ipò abínibí tó ń mú kí ènìyàn pẹ́ kó tó kọ́ nǹkan, ni wọ́n sì bí i mọ́. Tó bá di nǹkan bí aago méje àárọ̀, yóò jáde ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ní Òṣogbo wa níbí, yóò na owó sí ìyá oníbúrẹ́dì, yóò sì dúró títí wọn yóò fi ka ṣéńjì sí i lọ́wọ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá dì í fún un lápapọ̀, kò ní í kúrò níbẹ̀. Láti ibẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ àwọn aláró. Òun ni wọ́n ń fún ní àdìrẹ oníko tó bá ti gbẹ kí ó máa tú ìko ara rẹ̀, nítorí pé àwọn tí ọpọlọ wọn pé ni wọ́n ń kánjú, tí wọ́n ń fi bíléèdì ya aṣọ oníbàárà. Bí ó bá dé nírọ̀lẹ́, èékánná rẹ̀ á ti dú fún aró, á sì nawọ́ sí gbogbo ènìyàn kí wọ́n lè rí i.

Àwọn tó ń ṣọ́ ọ ti wà, Bàbá. Ọlọ́kadà kan gbé e wálé láti Ọjà Ọba lọ́jọ́ tí òjò ká a mọ́ ibẹ̀, kò sì gba kọ́bọ̀. Ohun tí kò tíì sí ni ilé tí yóò máa sùn sí lọ́jọ́ tí màmá wa kò bá sí mọ́. Ẹni ọdún 71 ni wọ́n, orúnkún wọn kò sì gbé wọn dáadáa mọ́. Ilé ìtọ́jú kan tí a mú un lọ sọ pé ọmọdé nìkan ni àwọn ń gbà. Màmá bi wọ́n pé níbo ni àwọn ọmọ náà ń lọ tí wọ́n bá hu irùngbọ̀n. Wọ́n ní òbí wọn ni yóò wá kó wọn.

Ẹ dábàá pé kí a ra ilẹ̀ sí ọ̀nà Ìkìrun, níbi tí kò ti ní í dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ilẹ̀ lè pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò ka ṣéńjì sí i lọ́wọ́?

Ẹ̀yin gan-an lẹ kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ Àrò, ọsíbítù àwọn aláìsàn ọpọlọ ní Abẹ́òkúta, fún mi, nígbà tí ẹ ti ibẹ̀ dé. Ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò kò jẹ́ kí gbogbo aláìsàn ọpọlọ máa sùn sí ọsíbítù. Ó fi wọ́n wọ̀ sílé àwọn àgbẹ̀ ní abúlé tó yí Àrò ká, pẹ̀lú ìbátan kan tí yóò máa se oúnjẹ fún wọn. Wọ́n á lọ gba ìtọ́jú lójúmọmọ, wọ́n á sì padà sáàárín ènìyàn. Àwọn onílé gba owó ilé wọn, ètò náà sì di ohun tí gbogbo ayé gbọ́ nípa rẹ̀. Àìsàn ọpọlọ kọ́ ni ti àbúrò mi, ìyàtọ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyẹn bá lè gba àlejò tí wọn kò mọ̀ rí, èyí tí a ń bẹ̀ yín fún yìí, ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ni.

N kò fẹ́ fi òfin halẹ̀ mọ́ yín. Òfin tó ta ko ìyàsọ́tọ̀ àwọn àkàndá ẹ̀dá ti wà ní Nàìjíríà láti oṣù Kìíní 2019, àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ wọn tí orílẹ̀-èdè wa sì tọwọ́ bọ̀ sọ ọ́ ní abala 19 pé wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti yan ibi tí wọn yóò gbé àti ẹni tí wọn yóò bá gbé. Ṣùgbọ́n òfin kò lè mú kí ará ilé kí ènìyàn káàárọ̀. Ẹ kì í gbàgbé wọn tí ọdún bá dé, ìrẹsì àti aṣọ máa ń ti ọwọ́ yín wá, Ọlọ́run á san án fún yín. Títí di ìsinsìnyí, ẹnu géètì náà ni oore ọ̀hún ń dúró sí.

Ètò wa kò le. Ẹbí mẹ́rin ni yóò máa dá owó jọ lóṣooṣù, olùtọ́jú méjì yóò sì máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, tí ọ̀kan yóò máa sùn síbẹ̀ lálaalẹ́. A ó fẹ ẹnu ọ̀nà kan nítorí ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ, a ó sì fi sìmẹ́ńtì sọ àtẹ̀gùn ẹ̀yìn di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Owó yàrá yín kò ní í pẹ́ lọ́wọ́ wa. Èyí tí a kò lè dá ṣe ni pé kí ẹ fi ẹnu ara yín sọ ọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn onílé pé ẹ mọ̀ sí i, nítorí bí ọ̀rọ̀ náà bá ti ẹnu mi jáde, ọ̀rọ̀ ọmọdé ni wọn yóò kà á sí.

Mo mú àbúrò mi lọ wo yàrá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ní ti àárín ni òun ń fẹ́, pé láti ojú fèrèsé rẹ̀ ni òun yóò ti máa rí yín tí ẹ bá jókòó sábẹ́ igi máńgòrò ní alẹ́.

Èmi ni ọmọ yín, tó ń retí èsì.