Kúnlé, mọ́tò yẹn ti lọ o

Kúnlé ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Màmá ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n yẹn ti lọ sílẹ̀? Má bínú pé mi ò pè ẹ́ látọjọ́ yìí, ọ̀rọ̀ mọ́tò yẹn ni ò jẹ́ kí n gbádùn. Èyí tí mo fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ tó o ní ìgbà wo la máa wọ́ṣì ẹ̀, mo ti dá a padà fún kọ́ńpìnnì tó ṣe é. Tíà rọ́bà o!

Kò tíì pé oṣù méjì tí mo rà á tí wàhálà fi bẹ̀rẹ̀. Mò ń bọ̀ níbi iṣẹ́ lórí títì márosẹ̀ I-10 níbí ní Houston, mo wà lórí bíi máìlì 65 ní wákàtí kan, ló bá gbọ̀n rìrì, ẹ́ńjìnnì kú, tírélà sì ń bọ̀ lẹ́yìn mi, mo pe Jésù mo tún pe màmá mi mọ́ ọn kí n tó ráyè yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo gbé e lọ bá díílà, wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan. Mo tún gbé e lọ, wọ́n ní àwọn ti fi kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ti dáa, kò pé ọ̀sẹ̀ kan ó tún kú. Ìgbà mẹ́rin, Kúnlé! Màmá mi ní kí n gbààwẹ̀, pé kì í ṣojú lásán, èmi náà sì ti fẹ́ máa gbà á gbọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ló ní ṣé mi ò mọ lemon law ni. Lemon bí ọsàn wẹ́wẹ́ yẹn gan-an, orúkọ tí wọ́n ń pe mọ́tò tó bá burú látilé nìyẹn. Ní Texas, tí wọ́n bá tún nǹkan kan náà ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́rin tí ò gbà, láàárín oṣù 24 tàbí máìlì 24,000, èyí tó bá kọ́kọ́ pé, o lè ní kí wọ́n gbà á padà. Tó bá wá jẹ́ irú èyí tó lè pààyàn, ẹ̀ẹ̀mejì ti tó. Ẹ̀ẹ̀mejì! Ṣé o rí i pé mo kàn ń fẹ̀mí mi ṣeré lásán.

Bébà ló gbà mí, ariwo kọ́. Torí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan, mi ò gbàwé, ìgbà tó yá ni mo padà lọ bẹ obìnrin orí káńtà yẹn kó tẹ̀ ẹ́ jáde fún mi, pẹ̀lú déètì, máìlì, àti ohun tí mo ní ó ń ṣe é. Mo wá kọ lẹ́tà sí kọ́ńpìnnì tó ṣe mọ́tò, kì í ṣe díílà o, pé kí wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, àwọn náà ò rí i ṣe. Ni mo bá lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì fẹjọ́ sun ọ́fíìsì mọ́tò ìjọba Texas, dọ́là 35 ni mo san, mi ò gba lọ́yà. Ká tó dé iwájú ẹni tó máa dájọ́, kọ́ńpìnnì ti ní àwọn á gbà á.

Nínú owó tí wọ́n dá padà, báǹkì tó yá mi lówó mọ́tò ló kọ́kọ́ gba tiẹ̀, kọ́ńpìnnì sì yọ owó máìlì tí mo ti sá. Ó dùn mí díẹ̀, àmọ́ mo lò ó lóòótọ́. Tí wọ́n bá fẹ́ tà á fẹ́lòmíì, wọ́n gbọ́dọ̀ lẹ̀wé mọ́ ọn pé lemon ni.

Ìyàwó mi ní Camry àlòkù lòun fẹ́ báyìí. Tòkunbọ̀, ní Amẹ́ríkà! Tá a bá rà á, ìyẹn la máa wọ́ṣì.

Bá mi kí àwọn ọmọ.

Èmi ni,
Dàpọ̀