Ẹ yẹ kọ́ọ̀sì yín wò kí ẹ tó ra fọ́ọ̀mù speech therapy

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ka Linguistics tàbí Special Education nílé ló fẹ́ gba másítà speech therapy ní Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ gidi ni. Ọmọ tó ń kólòlò, àgbà tí rọpárọsẹ̀ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, aláìsàn tí omi tó ń mu ń gba ọ̀nà ọ̀fun èémí lọ, ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ yìí ni wọ́n ń bọ́ sí. Àmọ́ kí ọ̀rọ̀ físà tó dé rárá ni transcript, ìwé tó ń to kọ́ọ̀sì àti máàkì ẹni, ti máa ń gbé ọ̀pọ̀ ṣubú.

ASHA, ẹgbẹ́ tó ń fún wọn ní ìwé ẹ̀rí, ń béèrè kọ́ọ̀sì mẹ́rin tí a kà ní yunifásítì: Biology, Statistics, Physics tàbí Chemistry, àti ọ̀kan nínú ìmọ̀ àwùjọ tàbí ìwà ẹ̀dá. Ẹ má gbójú lé Physics ti WAEC. Ní ti Statistics, kọ́ọ̀sì ìlànà ìwádìí tí ẹ̀ka speech therapy ń kọ́ni kò lè rọ́pò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ tún ń fẹ́ phonetics (ìmọ̀ nípa ìró èdè), ẹ̀yà ara tí a fi ń sọ̀rọ̀, bí ọmọdé ṣe ń kọ́ èdè, àti ìmọ̀ nípa etí. Ẹni tó ka Linguistics lè ti ní díẹ̀ níbẹ̀. Kó ka ìyókù lórí íntánẹ́ẹ̀tì ná. Ó sàn ju kó kówó lé fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ mẹ́wàá lọ. Ilé ẹ̀kọ́ tí CAA, ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ètò ẹ̀kọ́ iṣẹ́ yìí wò, fọwọ́ sí nìkan ni kó sì yàn.

Nínú lẹ́tà ìdí tí ẹ fi fẹ́ kàwé, ẹ fi ìmọ̀ yín hàn. Ọmọ Ìbàdàn tó ń pe “s” níbi tí ìwé kọ “ṣ” kò ṣàìsàn, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá lè rò pé àìsàn ni, kó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú fún un.

Ẹ̀kọ́ náà máa ń tó ọdún méjì, pẹ̀lú 400 wákàtí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ aláìsàn: 25 fún wíwo bí oníṣẹ́ ṣe ń ṣe é, 375 fún fífọwọ́ ara ẹni ṣe é. Ìdánwò Praxis 5331, ìdánwò ìmọ̀ iṣẹ́ náà, ń bẹ, máàkì 162 ló kéré jù. Lẹ́yìn èyí ni 1,260 wákàtí iṣẹ́ lábẹ́ ẹni tó ti ní ìwé ẹ̀rí, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 36. Ẹ ṣírò rẹ̀ dáadáa. OPT, àṣẹ iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà, oṣù 12 ni, òfin sì gbà kí èèyàn wà láìríṣẹ́ fún ọjọ́ 90 péré. Ọ̀sẹ̀ 36 ti lé ní oṣù mẹ́jọ. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ tún máa ń béèrè láísẹ́nsì onígbà díẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá dúró dìgbà tó bá gboyè kó tó wáṣẹ́ ti pẹ́. Fọ́ọ̀mù OPT ṣeé fi sílẹ̀ láti ọjọ́ 90 ṣáájú ìparí ẹ̀kọ́.

Mo wá ń bẹ àwọn olórí ẹ̀ka Linguistics ní yunifásítì wa: ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ yín tó bá nífẹ̀ẹ́ sí iṣẹ́ yìí yá Statistics àti Biology kà láti ẹ̀ka mìíràn, kó sì hàn lórí transcript wọn.

Òǹkàwé yín,
Houston