Orí ni kí ẹ fi mọ kòkòrò inú kíndìnrín ọ́kítópọ́ọ̀sì, kì í ṣe gígùn

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́. Àpilẹ̀kọ yín lórí àwọn afòmọ́ inú ẹ̀dá òkun wú wa lórí, ṣùgbọ́n a kò lè fojú fo ibi tó ti ní gígùn ni a fi ń ya ẹ̀yà Dicyemida, àwọn kòkòrò afòmọ́ tín-ín-tín inú kíndìnrín ọ́kítópọ́ọ̀sì, sọ́tọ̀. Gígùn ló ń ṣini lọ́nà jù.

Láti 1849 tí Albert von Kölliker, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Switzerland, ti sọ ọ̀kan ní Dicyema paradoxum ni wọ́n ti ní orúkọ. Sẹ́ẹ̀lì ara wọn kì í sábà ju ogójì lọ: ọ̀kan gbọọrọ wà láàárín, àwọn yòókù onírun wínníwínní bò ó. Ẹ̀yà kan náà lè kúrú, ó lè gùn, nítorí pé èyí tó ń bí ọmọ tó jọ aràn àti èyí tó ń bí ọmọ tó ń lúwẹ̀ẹ́ jáde sínú òkun kì í dọ́gba. Ẹ̀yà méjì tàbí mẹ́ta sì lè jọ wà nínú kíndìnrín kan. Bí ẹ bá wọn gbogbo wọn pọ̀, àdàlú lẹ wọ̀n.

Sẹ́ẹ̀lì tó dé orí wọn bíi fìlà ni kí ẹ kà. Ìlà méjì ni. Bí iwájú bá jẹ́ mẹ́rin, tí ẹ̀yìn náà jẹ́ mẹ́rin, tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn gan-an, Dicyema ni. Bí ti ẹ̀yìn bá bọ́ sí àlàfo ti iwájú, Pseudicyema ni. Mẹ́rin àti márùn-ún, Dicyemennea. Mẹ́rin àti mẹ́fà, Dicyemodeca. Lẹ́yìn èyí ni ìrísí orí, àpapọ̀ sẹ́ẹ̀lì ara, àti sẹ́ẹ̀lì ọmọ tó ń lúwẹ̀ẹ́, tó sábà máa ń jẹ́ 37 tàbí 39. Ẹ ṣọ́ra fún Chromidina: inú kíndìnrín lòun náà ń gbé, ó gùn, ó nírun, àmọ́ ẹ̀dá onísẹ́ẹ̀lì kan ni.

Kíndìnrín tútù ni kí ẹ lò. Èyí tó ti dì nínú fírísà ti bàjẹ́: sẹ́ẹ̀lì á ti fọ́, ààlà orí á ti parẹ́. Ẹ fi ègé rẹ̀ pa gíláàsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ó má gbẹ rárá, ẹ rì í sínú omi Bouin tàbí Carnoy tí kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì jẹrà, lẹ́yìn náà sínú ọtí ìdá 70, kí ẹ tó fi hematoxylin àti eosin pa á láró. Ásíìdì inú Bouin ń ba DNA jẹ́, nítorí náà ẹ tọ́jú ègé mìíràn sínú ọtí ìdá 95 ó kéré tán, kí ẹ sì ṣa kòkòrò inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní ti orúkọ tuntun, òfin àgbáyé lórí orúkọ ẹranko kò gba èyí tó jáde lẹ́yìn 1999 láìsí àpẹẹrẹ kan pàtó tí a yàn fún un àti ibi tí yóò wà. Orúkọ ẹ̀dá òkun tó gba kòkòrò náà lálejò ṣe pàtàkì bákan náà. Ọ́kítópọ́ọ̀sì ilẹ̀ Japan tí wọ́n ń pè ní Octopus vulgaris tẹ́lẹ̀ ti di Octopus sinensis, nítorí náà inú O. sinensis ni Dicyema misakiense ń gbé, ohun yòówù tí ìwé àtijọ́ ìbáà kọ. Ẹ fi ègé ẹran ọ́kítópọ́ọ̀sì náà pamọ́ sínú ọtí, kí nọ́ńbà ara ìgò rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ti gíláàsì.

Àwa òǹkàwé yín tó ń ṣiṣẹ́ lórí afòmọ́ inú òkun