Àkànní, kó o tó fi bánkì sílẹ̀ wọ pólítíìsì

Àkànní ọmọ mi, ṣé dáadáa lo wà, ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Bàbá ẹ ti sọ fún mi pé o fẹ́ kúrò ní bánkì kó o wá díje fún Ásẹ́ńbílì ìpínlẹ̀ Kwara ní Ìlọrin. Mi ò ní kó o má ṣe é o. Àga 24 péré ló wà níbẹ̀, bó o lọ bó ò lọ wọ́n á ṣáà rí ẹni jókòó sí i.

Àmọ́ wo ti Abdulfatah Ahmed dáadáa, ọmọ Share, Ìgbómìnà bíi tiwa. Kẹ́mísírì ni wọ́n kà ní Unilorin, wọ́n bọ́ sí iṣẹ́ bánkì, kí Bukola Saraki, gómìnà ìgbà yẹn, tó mú wọn wá ṣe kọmíṣọ́nnà ètò ìnáwó ní 2003, nígbà tó di 2011 wọ́n di gómìnà, wọ́n sì ṣe é fọ́dún 8 gbáko. Wọ́n mọ owó kà lóòótọ́. Ní 2015 wọ́n dá KWIRS sílẹ̀, àjọ tó ń gba owó orí fún ìpínlẹ̀, owó tí ìpínlẹ̀ ń pa wọlé fúnra ẹ̀, tó jẹ́ bíi bílíọ̀nù 7 lọ́dún yẹn, kọjá bílíọ̀nù 17 ní 2016 (àwọn ọlọ́jà ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára sha).

Àsìkò yẹn náà ni owó epo já wálẹ̀, ohun tí Abuja ń pín fún ìjọba ìbílẹ̀ ò tó nǹkan mọ́, inú ẹ̀ sì ni owó-oṣù àwọn tíṣà pírámárì ti ń jáde, ni gbèsè owó-oṣù bá ń gorí ara wọn. Ìjọba ìpínlẹ̀ ń ṣàlàyé pé ti ìjọba ìbílẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe tàwọn, òótọ́ sì wà níbẹ̀ téèyàn bá wo ìwé, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́? Tíṣà tí ò rówó ra gàrí ò mọ àkáǹtì tó gbẹ, gómìnà ló mọ̀. Ìgbà tí "Ó tó gẹ́", ariwo àwọn tó fẹ́ fìbò gba ìjọba lọ́wọ́ àwọn Saraki, dé ní 2019, ó gbá Saraki, ó gbá gbogbo ẹni tó bá a rìn, kò béèrè ẹni tó mọ ìṣirò.

Ní bánkì, bí ìwé ẹ bá ti bára mu, o ti sùn. Níbi tó ò ń lọ yìí, o lè jàre nínú ìwé kó o jẹ̀bi lójú gbogbo ayé, ẹni tó bá sì fà ẹ́ wọlé, ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀ di tìẹ. Alhaji tó ní òun máa san owó fọ́ọ̀mù ẹ yẹn, kí ló ń wá? Bi í lójú ara ẹ̀ kó o tó gba kọ́bọ̀. Má yáwó bánkì sí i, má sì tọrọ lọ́wọ́ kọ́sítọ́mà tó o ń bá tọ́jú owó, jọ̀ọ́.

Wọn ò mọ ojú ẹ ní Omu-Aran níbí, orúkọ bàbá ẹ ni wọ́n mọ̀. Máa wá sí ìpàdé wọ́ọ̀dù, jókòó sẹ́yìn, má tíì sọ̀rọ̀. Má sì gbé jíìpù yẹn wá o, ọkọ̀ èrò ni kó o wọ̀ láti Ìlọrin, wàá gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa àwọn tó wà níbẹ̀ báyìí.

Ìyá ẹ ni.